Ìbéèrè Ẹ̀yin Onígìtá: Ṣé Tremolo Ló Ń Pa Ohùn?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí bíríìjì pọ̀ gan-an, mo bá kó wọn jọ sójú kan. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: bíríìjì ni irin ara gìtá tó gbé ìdí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró, nítòsí ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń ta okùn. Tremolo ni irú bíríìjì tó ní ọ̀pá. Tí a bá tẹ ọ̀pá náà, ohùn á lọ sílẹ̀; tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ohùn á padà síbi tó wà. Ó kéré tán, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, ni mo ti ń dá yín lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta gìtá ní ìjọ wa. Mo ra gìtá tòkunbọ̀ kan tó dà bíi Stratocaster, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í pẹ́. Bí mo bá ta okùn kan, kí n tó mí, ó ti kú. Ẹni tó ń ta báàsì wa ní tremolo ló ń jẹ ohùn, pé kí n tú u dànù, kí n ra bíríìjì onídẹ. Owó ẹ̀ ò kéré. Ṣé òótọ́ ló sọ? — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ìgbógbó

Àbúrò mi, má tíì náwó. Òótọ́ ni pé bíríìjì tó ń mì máa ń jẹ ohùn, ṣùgbọ́n tremolo tí wọ́n dè dáadáa kò lè pa ohùn kí o tó mí. Nǹkan mìíràn ló ń ṣe gìtá rẹ.

Nígbà tí o bá ta okùn, agbára tí ọwọ́ rẹ fún un ni yóò máa ná títí yóò fi dákẹ́. Orí rẹ̀ méjèèjì ló ti ń ná an jù: níbi tí ìka rẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ fíréètì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), àti níbi bíríìjì. Bí bíríìjì bá dúró gbọin, agbára náà á máa padà sínú okùn. Bí ó bá ń jó, á kó agbára náà fún igi. Wo gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo, èyí tí kì í lo iná. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú rẹ̀ ni wọ́n lẹ bíríìjì mọ́, kí pákó yẹn lè mì, kó sì gbé ohùn síta. Ìdí nìyẹn tó fi ń pariwo láìsí áńpù tó ń gbé ohùn ga, ìdí nìyẹn náà tí ohùn rẹ̀ fi ń tètè kú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Les Paul ní Amẹ́ríkà mọ èyí ní nǹkan bí ọdún 1940, nígbà tó so okùn àti píkọ́ọ̀pù (ohun tó ń gba ìró okùn lọ sí áńpù) mọ́ igi gbọọrọ kan tó kì pọ́pọ́, ínǹṣì 4 níbùú, ínǹṣì 4 nínípọn. Ohùn tó ń pẹ́ ló ń wá.

Leo Fender, tó dá ilé iṣẹ́ gìtá Fender sílẹ̀, náà mọ̀ ọ́n nígbà tó gbé gìtá Stratocaster jáde ní 1954. Tremolo tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un kò wúwo tó, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í sì í pẹ́, ni wọ́n bá pa á tì. Èyí tí wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀ ni irú èyí tó wà lára gìtá rẹ yẹn: síkúrù mẹ́fà níwájú tí irin pẹlẹbẹ ń yí lé lórí, àti irin ńlá kan lábẹ́ rẹ̀ tó gba inú igi kọjá sí ẹ̀yìn, tí sípíríǹgì fi ń dì í mú. Irin abẹ́ yẹn ni ọkàn gbogbo ẹ̀. Wọ́n fi síbẹ̀ kí bíríìjì lè wúwo, kí ohùn lè pẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní tremolo ló ń jẹ ohùn, kó kọ́kọ́ yẹ irin yẹn wò. Lára ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú, síǹkì tó tín-ín-rín ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe irin gidi.

Ṣùgbọ́n kí o tó dé ìdí bíríìjì, pa áńpù. Ta okùn kan lófìfo, láìfi ìka tẹ̀ ẹ́, gbé etí lé ìwo òkè ara gìtá náà, kí o sì fetí sí bó ṣe ń dún títí yóò fi lọ. Wá tẹ okùn yẹn kan náà ní fíréètì keje, kí o tún ta á. Bí òfìfo bá ń pẹ́, tí èyí tí o tẹ̀ ń kú, bíríìjì kò jẹ̀bi. Ó lè jẹ́ fíréètì ló ti jẹ, tàbí kí síkúrù tó de ọrùn mọ́ ara ti dẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ohùn ti ń kú, pàápàá lórí okùn G (ìkẹta láti ọ̀dọ̀ èyí tó tín-ín-rín jù) láàárín fíréètì karùn-ún sí ìkeje, ọrùn gìtá náà ló ń bá ohùn yẹn mì, tó sì ń gba agbára rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára gìtá tí wọ́n fi síkúrù de ọrùn rẹ̀ báyìí, títí kan olówó ńlá. Kò sí idẹ tó lè wò ó sàn.

Wo píkọ́ọ̀pù náà. Àwọn ọ̀pá róbótó mẹ́fà tó yọrí lójú rẹ̀ yẹn, mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n, tàbí kí mágínẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ wọn. Tí wọ́n bá sún mọ́ okùn jù, wọ́n á máa fà á, okùn kò ní lè jó fàlàlà, ohùn á máa wárìrì bí ẹni pé méjì ń dún pọ̀, á sì tètè kú. Ọ̀pọ̀ gìtá tòkunbọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ló jẹ́ pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti gbé píkọ́ọ̀pù sókè pátápátá nítorí pé ó fẹ́ kó pariwo. Yí síkúrù méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o máa ta á, kí o máa gbọ́. Mo gbà pé ibí yìí ni wàhálà tìrẹ wà, nítorí o ní ohùn náà ń kú kí o tó mí, bíríìjì nìkan kì í ṣe irú èyí.

Tí o bá ti ṣe ìyẹn, yí gìtá dà, tú ike ẹ̀yìn. Sípíríǹgì mẹ́ta ni wàá bá níbẹ̀, àyè márùn-ún ló sì wà. Orí kejì wọn fi ara kọ́ irin pẹlẹbẹ kan tí síkúrù gígùn méjì dè mọ́ igi. Ní báyìí, bi ara rẹ: ṣé o máa ń lo ọ̀pá yẹn nínú ìsìn? Bí o kì í bá lò ó, fi sípíríǹgì méjì kún un. Dẹ okùn sílẹ̀, yí síkúrù gígùn méjèèjì wọlé bákan náà, títí bíríìjì yóò fi jókòó pẹ̀tẹ̀ lórí igi, tí bébà kò ní lè wọ abẹ́ rẹ̀. Yí okùn padà sí ohùn. Bí o bá fi ìka fa okùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rùn gìtá tí bíríìjì sì gbé ìdí sókè, kò tíì le tó, yí i sí i. Tí o bá fẹ́ kó dúró títí láé, sọ fún káfíńtà kó gé igi líle kékeré kan fún ọ, ìrókò tàbí àpá, kí o ki í sáàárín irin ńlá náà àti ògiri ihò ní ìhà ìdí gìtá. Kò gba lẹ̀ẹ́mọ́ kankan. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ lo ọ̀pá rẹ, wàá fa igi náà yọ.

Fi fóòmù pélébé sáàárín àwọn sípíríǹgì náà. Wọ́n máa ń dún fúnra wọn lẹ́yìn tí okùn bá ti dákẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn ìró yẹn. Nínú ìjọ tí máìkì ti pọ̀, n kò fẹ́ràn rẹ̀.

Bí irin abẹ́ náà bá wá jẹ́ síǹkì tín-ín-rín, tí owó sì wà lọ́wọ́, irin gidi ni kí o rà, kì í ṣe odindi bíríìjì tuntun. Mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà kí ihò síkúrù rẹ̀ lè bára mu. Ohùn ìsàlẹ̀ á dúró dáadáa, tòkè á sì mọ́. Ìyàtọ̀ náà wà, etí á gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ní sọ gìtá kan di òmíràn.

Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá onígìtá. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gìtá. Ẹni tó ń tà á fi méjì hàn mí, ọ̀kan ní ọ̀pá, èkejì kò ní. Owó kan náà ni. Èwo ni kí n rà? — Ìyá ọlọ́mọ, Ẹ̀bútẹ́ Ìkòròdú

Ẹ káàárọ̀, Ìyá wa. Èyí tí kò ní ọ̀pá ni kí ẹ rà. Bí owó wọn bá dọ́gba, a jẹ́ pé owó tí wọ́n ná sórí tremolo ti èkíní ni wọn kò ná sórí pẹ́ẹ̀gì tó ń yí okùn àti fíréètì rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nílò gìtá tí ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀, kí etí rẹ̀ lè mọ ohùn tó tọ́. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ di bíríìjì náà mú, kí ẹ mì í. Bó bá mì, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, gìtá mi ní tremolo Floyd Rose. Ní àìsùn kan níbí, okùn kejì já, gbogbo ìyókù sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, n kò lè ta nǹkan kan mọ́ títí orin fi parí. Kí ló fà á? Bákan náà, láìpẹ́ yìí, tí mo bá tẹ ọ̀pá tí mo jọ̀wọ́ rẹ̀, kì í padà sójú ohùn bíi ti tẹ́lẹ̀. — Olórin ìjọ kan, Àjárá, Àgbádárìgì

Ẹ kú ìnira àìsùn ọjọ́ yẹn. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára onígìtá.

Tremolo tí Floyd Rose ará Amẹ́ríkà ṣe, tó gbàwé àṣẹ lé lórí ní 1979, kò jókòó sórí igi. Ó léfòó lórí òpó irin méjì péré, ètí mímú méjì ló sì fi kan òpó náà. Níhìn-ín ni okùn mẹ́fà ń fà á síwájú, lọ́hùn-ún ni sípíríǹgì ń fà á sẹ́yìn, bíi ẹgbẹ́ méjì tó ń fa okùn mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí pápá ilé ìwé. Fífà náà kì í ṣe kékeré: okùn gìtá mẹ́fà tí a ti yí sójú ohùn ń fa ohun tó lé ní kílò 40. Nígbà tí okùn yín já, apá kan pàdánù ẹnìkan, sípíríǹgì borí, bíríìjì fì sẹ́yìn, okùn márùn-ún tó kù sì le sí i. Òun ló jẹ́ kí ohùn wọn gòkè. Ìdí kan náà ló ń fà á tí ohùn okùn yòókù fi máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bá fa okùn kan lọ́rùn.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún onígìtá àìsùn àti òde àríyá nìyí: mo máa ń fi igi sáàárín irin abẹ́ bíríìjì àti ògiri ihò tó kọjú sí ọrùn, kí bíríìjì má lè fì sẹ́yìn mọ́. Ẹ ṣì máa lè tẹ ọ̀pá kí ohùn lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè gòkè. Bí okùn bá wá já, igi yẹn ló máa di bíríìjì mú, márùn-ún yòókù á dúró síbi tí wọ́n wà, ẹ ó sì parí orin yín. Bíríìjì náà á tún ní ibi tó fara tì. Ẹ̀yin náà máa gbọ́ ọ pé ohùn ìsàlẹ̀ nípọn sí i ju ìgbà tó ń léfòó lọ.

Ní ti àìpadà sójú ohùn, afẹ́fẹ́ òkun ni mo fura sí. Ọ̀sà àti òkun ló yí i yín ká níbẹ̀, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kì í sì í dá irin sí. Ẹ dẹ okùn, ẹ tú sípíríǹgì, ẹ yọ bíríìjì náà jáde, kí ẹ sì fi ojú wo ètí mímú méjèèjì níbi tó ti ń kan òpó. Bí ìpẹtà bá ti mú un, tàbí tí ètí náà ti kú, tí òpó sì ti jinú, ibẹ̀ ló ti ń há. Ìpẹtà tí kò tíì jinlẹ̀, ẹ fi aṣọ àti epo ẹ̀rọ díẹ̀ nù ún. Ètí tó ti kú, bíríìjì tuntun ló kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yí òpó méjì yẹn sókè tàbí sílẹ̀ nígbà tí okùn ṣì le lára rẹ̀. Ohun tó ń pa ètí mímú jù lọ nìyẹn, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń rí i lára gìtá dáadáa. Lẹ́yìn ìsìn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu bíríìjì kí ẹ tó ki gìtá bọ inú àpò. Òógùn ọwọ́ náà ní iyọ̀ nínú.

Ọ̀gá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn. Ó ní gìtá Les Paul ti Gibson ló ń pẹ́ lóhùn ju gbogbo gìtá lọ nítorí bíríìjì rẹ̀. Mo ní Telecaster ti Fender ni, nítorí okùn rẹ̀ gba inú igi kọjá. Ta ló jàre? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìkòròdú

Ẹ̀yin méjèèjì ti gbé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nǹkan lé bíríìjì nìkan lórí.

Bíríìjì Les Paul tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wí, Tune-o-matic, dé lára Les Paul Custom ní 1954. Òpó méjì ló gbé e, irin mìíràn tí wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́yìn rẹ̀ ló sì di ìdí okùn mú. Lára Telecaster, láti nǹkan bí 1950, ẹ̀yìn ara gìtá ni okùn ti ń wọlé, tí yóò fi gba inú igi jáde sí bíríìjì. Fender fúnra wọn pa ihò ẹ̀yìn tì ní nǹkan bí 1958 sí 1959, wọ́n ń ki okùn bọ ìdí bíríìjì láti òkè, wọ́n sì tún padà síbi ti àtijọ́. Àwọn tó ti ta méjèèjì ṣì ń jiyàn lórí ìyàtọ̀ wọn títí dòní. Èmi gbà pé ìyàtọ̀ náà kéré.

Ohun tó mú kí Les Paul dún bí Les Paul kì í ṣe bíríìjì nìkan. Ọrùn tí wọ́n fi lẹ̀ẹ́mọ́ dè, ara tó wúwo, okùn tó kúrú díẹ̀ (ínǹṣì 24¾, nígbà tí ti Telecaster jẹ́ 25½), àti píkọ́ọ̀pù oníwáyà méjì, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Lára Telecaster, irin tó gbá píkọ́ọ̀pù mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríìjì náà wà lára ìró rẹ̀ tó ń ta létí yẹn. Ohun tí bíríìjì méjèèjì fi jọra ni pé wọn kì í mì. Lórí ká gbọ́ ohùn tó ń pẹ́, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Kí ẹ̀yin méjèèjì fi okùn tuntun sí gìtá yín, kí ẹ ta á láìsí áńpù, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí sádù kan, irin kékeré tí okùn gùn lórí bíríìjì, bá dẹ̀ lára Les Paul ọ̀rẹ́ rẹ, ìwọ lo máa jàre lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta gìtá jùjú. Ọmọ mi ra gìtá onítremolo fún mi, mo sì fẹ́ kó máa sunkún bíi gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé. Kò bọ́ sí i. Tí mo bá di okùn mélòó kan pọ̀ ní kọ́ọ̀dù tí mo tẹ ọ̀pá, ńṣe ni gbogbo ẹ̀ máa ń bàjẹ́. — Bàbá onígìtá kan, Ẹ̀pẹ́

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín yìí púpọ̀.

Ohun èlò tí ẹ gbọ́ yẹn, pedal steel ni, Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló sì sọ ọ́ di ara jùjú nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé. Kò ní fíréètì tí ìka ń tẹ̀. Irin wúwo ló ń fi ń rìn lórí okùn, ìdí sì nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ àti orúnkún ló sì fi ń tẹ àwọn ọ̀pá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mọ okùn tirẹ̀: á fa ọ̀kan tàbí méjì sókè, tàbí kó dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, dé ojú ohùn tí wọ́n ti yàn fún un, àwọn tó kù kò ní mì rárá. Kọ́ọ̀dù kan á yọ́ di òmíràn, kò sì ní bàjẹ́.

Tremolo kò mọ yíyàn. Gbogbo okùn mẹ́fà ló ń dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, okùn kọ̀ọ̀kan sì ń lọ sílẹ̀ níwọ̀n tirẹ̀. Òun ló ń ba kọ́ọ̀dù yín jẹ́. Gìtá yín kò ní àbùkù.

Ẹ ta okùn kan tàbí méjì péré. Ẹ tẹ ọ̀pá díẹ̀ kí ẹ tó ta á, ẹ ta á, kí ẹ wá jọ̀wọ́ ọ̀pá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ohùn yóò fi gun ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú Stratocaster ni, bọ́tìnì tó ń fi kún ariwo tàbí dín in kù wà nítòsí ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún yín. Ẹ yí i sílẹ̀ pátápátá, ẹ ta okùn, kí ẹ sì máa yí i gòkè bí ohùn ṣe ń jáde. Kò ní sí ìró ìka mọ́, ẹkún nìkan ni etí máa gbọ́. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ẹ ó sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá dáadáa.

Bó bá jẹ́ kí kọ́ọ̀dù kàn máa gbọ̀n rìrì ni, tremolo Bigsby ló dára jù fún un. Okùn rẹ̀ yí mọ́ ọ̀pá róbótó kan, ìrìn rẹ̀ kò sì gùn, nítorí náà kì í tètè ba kọ́ọ̀dù jẹ́. Paul Bigsby tó ṣe é ti ṣe pedal steel fún àwọn olórin Amẹ́ríkà láti apá ìparí àwọn ọdún 1940, ó mọ irú ẹkún tí ẹ ń wí.

Nǹkan kan ló kù, Bàbá, nítorí mo mọ ọwọ́ jùjú. Láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti gbé gìtá oníná wọ jùjú ní 1949, gìtá wa kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ohùn gígùn. Kúkúrú ni, ó mọ́, ó ń yí po. Ọ̀pọ̀ yín sì máa ń gbé ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bíríìjì láti pa ohùn kù. Lórí tremolo tó ń léfòó, ọwọ́ yẹn ń tẹ ìdí bíríìjì mọ́lẹ̀, gbogbo okùn á sì gòkè díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ á rò pé ẹ kò yí gìtá yín sójú ohùn. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tú ike ẹ̀yìn, kó yí síkúrù gígùn méjèèjì wọlé díẹ̀díẹ̀ títí bíríìjì yóò fi jókòó lórí igi, bí mo ṣe kọ ọ́ fún ọ̀dọ́kùnrin Ìgbógbó lókè, ṣùgbọ́n kó má ṣe ki igi kankan sí i, kó sì fi sípíríǹgì sílẹ̀ ní mẹ́ta, kí ọ̀pá má baà le jù fún ọwọ́ yín. Ẹ ṣì máa lè tẹ̀ ẹ́ kó sunkún, ẹ ó sì lè gbé ọwọ́ lé bíríìjì bó ṣe wù yín. Kó fi pẹ́ńsù dúdú kun ojú ihò tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn, níbi nọ́ọ̀tì, kí okùn lè máa yọ̀ padà sójú ohùn rẹ̀.